Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ iná púpọ̀: Ohun tó yẹ kéèyàn wò kó tó sanwó

Lágbègbè Pleasure, níjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, nípìnlẹ̀ Èkó, kò ṣòro láti rí kọ̀ǹpútà rà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò gba Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ìkẹjà yóò bá oríṣiríṣi pàdé ní ọjà Ọ̀tígbà. Iná tí yóò máa lò nílé ni wàhálà, nítorí pé bí wọ́n bá ti mú iná lọ, bátìrì inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Ìdí rèé tó fi yẹ kí òbí tó fẹ́ ra èyí táwọn ọmọ yóò máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé bèèrè nípa processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kó tó máa ná an.

Intel Core i5-6500, tó jáde lọ́dún 2015, wọ́pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tòkúnbọ̀. Wáàtì 65 ni wọ́n kọ fún un. Wáàtì 6 péré ni ti Intel N100, tó jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Kọ́ọ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ní, agbára wọn lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Lóòótọ́, wáàtì tí wọ́n kọ kì í ṣe iye gan-an tí ẹ̀rọ ń fà nígbà gbogbo: i5 tí kò ṣiṣẹ́ kan kì í fa tó 65, N100 náà sì lè kọjá 6 bí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ hàn lórí bátìrì. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 100Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń bu ásíìdì sí, ìdajì rẹ̀ ló dára kéèyàn lò. Kọ̀ǹpútà tí òun àti ojú rẹ̀ ń fa wáàtì 100 yóò jẹ ìdajì yẹn tán ní wákàtí 6. Èyí tó ń fa 40 yóò lò ó fún wákàtí 15, láìka ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Àmọ́ kí wọ́n má fi wáàtì kékeré nìkan tan èèyàn jẹ o. Wáàtì 6 náà ni Celeron N4020 ti ọdún 2019, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀ méjì ló ní. Ó tó kọ lẹ́tà, yóò sì máa mí gúlegúle bí ọmọ bá ṣí fídíò ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ ojú ìwé mẹ́wàá. Atom N270 ti ọdún 2008 kò tiẹ̀ ju wáàtì 2.5 lọ, kò sì lè gbé Windows 11 rárá.

Ti Windows yìí ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. N100 wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11. I5-6500 kò sí níbẹ̀, àfi kí ẹni tó rà á máa lo Linux.

Wọ́n ti jó N100 mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ ni, kò ṣeé yọ pààrọ̀ lọ́la. Nítorí náà, kí òǹrajà má gbà kí RAM rẹ̀ kéré sí 8GB. Kó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà níwájú òun, kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kó sì lọ sí Performance: orúkọ processor gan-an yóò hàn níbẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páálí.