Nígbà Tí Ìlù Bọ́ Síwájú Fèrè

Lọ́dún 1963, Miles Davis, afọnfèrè jazz, gba ọmọkùnrin ẹni ọdún 17 kan láti máa lu ìlù fún un. Tony Williams ni. Ron Carter ń ta báàsì, Herbie Hancock wà nídìí dùùrù. Nígbà tí Wayne Shorter kúrò nínú ẹgbẹ́ onílù Art Blakey tó sì gbé saxophone rẹ̀ dé ní 1964, wọ́n pé márùn-ún.

Wọ́n gba àwo E.S.P. sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1965. Nígbà tó di Miles Smiles, ní 1966, Hancock ti ń ká ọwọ́ òsì rẹ̀ kò nínú àwọn orin kan, kí báàsì àti ìlù lè rí àyè sọ tẹnu wọn. Dídákẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ìgboyà lọ́wọ́ ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ tó o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn jù ni orin Nefertiti, tí Shorter kọ, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1967. Ohùn orin kan náà ni fèrè Davis àti saxophone Shorter ń tún kọ léraléra, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn bọ́ síta dárà. Williams ló ń dárà ní tiẹ̀: á rọra fọwọ́ ba páànù ìlù, á bú gbàù, á tún rọlẹ̀. Èyí tí à ń pè ní atẹ̀lé di aṣáájú.

Ní 1968, nínú Miles in the Sky, Hancock ti ń tẹ dùùrù oníná. Kí ọdún náà tó parí, òun àti Carter ti kúrò nínú ẹgbẹ́.