Ìwádìí Ibà ní Ìlaròó, 1949 sí 1954

Ní ọdún 1949, nígbà tí Ìlaròó jẹ́ olú-ìlú Ẹkùn Ẹ̀gbádò, tí a kò tíì máa pe ilẹ̀ náà ní Yewa gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é láti 1995, ẹ̀ka ìjọba tí ń mójútó àrùn ibà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yaba l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá fífọ́n oògùn apakòkòrò sára ògiri ilé lè ká ibà lọ́wọ́ kò ní ìlú tí kì í ti í sinmi láti ọdún dé ọdún. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ibà ní Kampala ní 1950 ṣàlàyé irú ìlú bẹ́ẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọdé, ó lé ní márùndínlọ́gọ́rin tí ẹ̀yà ara abẹ́ ìhà òsì wọn ti wú nítorí ibà tí ń pààrà wọn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí tirẹ̀ wú kò pọ̀, nítorí pé ara ẹni tí ó bá yè é já ní kékeré ti mọ bí a ti í bá àrùn náà jà.

Leonard Jan Bruce-Chwatt, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Poland, ni ó darí iṣẹ́ náà, H. M. Archibald sì wà lára àwọn tí wọ́n jọ kọ ìjábọ̀ ọdún márùn-ún rẹ̀, tí ó jáde ní 1955. Síbẹ̀, kò sí oníṣègùn tí ó lè dá irú iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ̀fọn a máa bà sára ògiri lẹ́yìn tí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ tán, ibẹ̀ ni oògùn sì ti ń pa á. Nítorí náà, onílé gbọ́dọ̀ gbà kí àlejò wọ yàrá òun, kí ó sì kó ẹrù kúrò lára ògiri, ní ìlú tí wolé-wolé ti máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà. Àwọn ìyá gbọ́dọ̀ gbé ọmọ wá kí a tẹ̀ wọ́n níhà, kí a sì gún ìka wọn gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀.

Kíka ẹ̀fọn pàápàá jẹ́ iṣẹ́ sùúrù. Ní ọ̀nà tí àwọn olùwádìí ibà máa ń gbà ṣe é, wọn a tẹ́ aṣọ funfun bo ilẹ̀ yàrá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọn a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọn a fọ́n oògùn tí ń tètè pa kòkòrò, wọn a sì ká aṣọ náà síta láti fi ẹ̀mú ṣa òkú ẹ̀fọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn a ya Anopheles gambiae àti Anopheles funestus, àwọn tí ń gbé ibà kiri ní agbègbè yìí, sọ́tọ̀, wọn a sì fi awò tí ń sọ ohun tíntín di ńlá wo àwọn ẹ̀fọn mìíràn tí wọ́n mú láàyè, bóyá kòkòrò ibà wà níbi tí itọ́ wọn ti ń sun. Ó dunni pé ìtàn kì í sábà dá orúkọ àwọn tí ń ṣa ẹ̀fọn wọ̀nyí sí, nítorí pé bí kíkà wọn bá yẹ̀, gbogbo ìṣirò oníṣègùn yẹ̀ nìyẹn.

Ibà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ará ìlú ní aba lóko, ẹni tí a sì fọ́n oògùn sí ilé rẹ̀ ní ìlú lè sun oorun ọ̀pọ̀ alẹ́ ní aba tí oògùn kò dé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnubodè Dahomey, tí í ṣe Benin òde òní, kò jìnnà, tí àwọn ìbátan ń gbà á lọ gbà á bọ̀. Ní ìpàdé Kampala, àwọn kan ti bẹ̀rù pé bí a bá lé ibà lọ fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì padà, yóò bá àwọn ọmọ tí ara wọn kò mọ̀ ọ́n jà. Síbẹ̀ ìpàdé náà pinnu pé kí a gbógun tì í níbikíbi. Ìpinnu náà tọ̀nà, nítorí pé ọmọdé tí ń kú lọ́wọ́ ibà kò lè dúró de ìgbà tí àríyànjiyàn yóò parí.

Bruce-Chwatt lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva ní 1958. Láti 1969 dé 1976, àjọ náà àti ìjọba Nàìjíríà tún jọ ṣe ìwádìí tí ó tóbi ju ti Ìlaròó lọ ní Garki, ní ìpínlẹ̀ Kano ìgbà náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n fọ́n oògùn sí ilé, wọ́n sì fún ènìyàn ní oògùn lò, ibà rọlẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀fọn náà kì í sinmi sára ògiri: ìta ni wọ́n ń sùn.