Iwin Inú Gíláàsì

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Sìmáwà, tí a sì tan fìtílà nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, a óò rí fìtílà kejì lóde, tí ó dúró nínú òkùnkùn láàárín àwọn igi, tí ohunkóhun kò sì gbé e ró. Èrò ọkọ̀ tí ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá lálẹ́ a máa rí ojú ara rẹ̀ tí ó ń bá a sáré lórí igbó. Ẹ̀rù kì í ba ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ti mọ́ ọn. Síbẹ̀ ohun kékeré yìí gan-an ni a fi já àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láyà ní ọ̀rúndún kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, nítorí ó kan àwa tí a ń kọ́ ọmọ: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tí ó mọ àṣírí náà ti pín sí méjì, àwọn tí ó ṣàlàyé rẹ̀, àti àwọn tí ó fi í pamọ́.

Gíláàsì tí ó mọ́ gaara kì í jẹ́ kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé e tààrà, bí ìdá 8 nínú 100 ni ó ń dá padà. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ òde a bo díẹ̀ yìí mọ́lẹ̀; lálẹ́, díẹ̀ náà a di púpọ̀ lójú wa. Àwòrán náà kì í sì í dàbí ohun tí ó wà lójú gíláàsì, bí kò ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ní ibi tí ó jìnnà tó bí fìtílà gan-an ti jìnnà sí gíláàsì níwájú. Ìdí nìyí tí fìtílà wa fi dúró sáàárín igi.

Giambattista della Porta, ará ìlú Naples ní Ítálì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1589, bí ènìyàn ti lè rí ohun tí kò sí nínú yàrá. Ó pẹ́ kí ó tó dé orí ìtàgé. Ní ọdún 1858, oníṣẹ́-ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Dircks, ṣàlàyé ọgbọ́n náà fún àpéjọ àwọn onímọ̀ ní ìlú Leeds, ṣùgbọ́n àwọn onítíátà kò gbà á, nítorí bí ó ti là á sílẹ̀, àfi kí wọ́n tún ilé wọn kọ́. John Henry Pepper ti Royal Polytechnic ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó rí i pé bí a bá dá gíláàsì náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, ihò kan níwájú ìtàgé ti tó. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1862 ni ó fi í han àwọn ènìyàn, nínú eré tí a mú láti inú ìtàn kan tí Charles Dickens kọ. Ẹni tí ó ṣe òkú fara pamọ́ sínú ihò, a da ìmọ́lẹ̀ líle lù ú, gíláàsì ńlá tí àwọn òǹwòran kò rí sì gbé àwòrán rẹ̀ sáàárín àwọn òṣèré. Bí òṣèré bá fi idà gún un, idà a là á kọjá; bí a bá rọra dín ìmọ́lẹ̀ kù, òkú a parẹ́. Pepper ti fẹ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn eré, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí bí ẹnu ti ya àwọn ènìyàn tó, ó pa ẹnu mọ́. Ní ọdún 1863 òun àti Dircks jọ gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Pepper nìkan ni ó kù lẹ́nu ayé. Inú Dircks kò dùn sí i, a kò sì bá a wí.

Aṣọ funfun náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1659, nígbà ayé Christiaan Huygens ará Hólàńdì, ni fìtílà aláwòrán ti wà: a ya àwòrán sára gíláàsì kékeré, iná wà lẹ́yìn rẹ̀, gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá wà níwájú, àwòrán a sì bọ́ sára aṣọ. Ní Páríìsì, láti ọdún 1798, ẹnì kan tí ń jẹ́ Robertson gbé tirẹ̀ lé orí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ó ti ń fà á sẹ́yìn ni iwin náà ń tóbi, bí ẹni pé ó ń bọ̀ wá gbá àwọn òǹwòran mú.

Irú fìtílà yìí ni David Livingstone gbé dé ààfin Shinte, olóyè àwọn Lunda, ní ọdún 1854, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Sáḿbíà lónìí. Ábúráhámù tí ó na ọ̀bẹ sókè sórí Ísáákì ni àwòrán àkọ́kọ́. Nígbà tí Livingstone ń yọ ọ́ kúrò, ó dàbí ẹni pé ọ̀bẹ náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ni gbogbo wọn bá figbe bọnu, tí wọ́n ń pe ìyá wọn, tí wọ́n sì ń ṣubú lu ara wọn bí wọ́n ti ń sá. Kò sí ọ̀kan tí ó padà. Ṣùgbọ́n Shinte jókòó títí dé òpin, lẹ́yìn náà ó wá wo ẹ̀rọ náà fínnífínní. Livingstone sì ní ìwà kan tí a yìn: nígbàkúùgbà tí ó bá fi í hàn, a ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé agbára òkùnkùn wà nínú rẹ̀.

Kí a má sì ṣe rò pé idán ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ní ọdún 1826, Clapperton wo àwọn eégún onídán ní Ọ̀yọ́-Ilé: ọ̀kan di erè, òmíràn jáde bí òyìnbó, ó funfun, ó sì rù hangogo, àwọn èrò sì rẹ́rìn-ín. Wọn kò ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n eré ni wọ́n pè é, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni àwòrán tí ń rìn kọ́kọ́ dé Èkó, ní Glover Memorial Hall. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ wa níhìn-ín, jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Gíláàsì Pepper náà kò kú. Òun ni ó wà níwájú kámẹ́rà, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ sókè fún ẹni tí ń ka ìròyìn, tí àwa ń rò pé ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ní Coachella ní Amẹ́ríkà, a rí Tupac Shakur, olórin tí ó ti kú láti ọdún 1996, tí ó ń kọrin lórí ìtàgé. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a nà síbẹ̀ dípò gíláàsì. Ọgbọ́n ọdún 1862 ni.

Èyí tí ó ń dùn wá ni ti àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ aláìmọ̀kan, tí wọ́n ń fi ojú olè hàn án nínú dígí lóru. Ẹni tí dígí bá dárúkọ kò ní ẹlẹ́rìí tí yóò gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé gíláàsì kan dúró lórí tábìlì nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Ẹ tan àbẹ́là kan níwájú rẹ̀, kí ẹ sì gbé èyí tí a kò tàn, tí gíga wọn dọ́gba, sínú ife omi lẹ́yìn rẹ̀, kí jíjìnnà wọn sí gíláàsì dọ́gba pẹ̀lú. Àwọn ọmọ yóò rí àbẹ́là tí ń jó nínú omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tó bí wọ́n ti fẹ́, lẹ́yìn náà kí èyí tí ó kéré jù nínú wọn na ọwọ́ sẹ́yìn gíláàsì, kí ó sì fi ìka kan iná náà.