Ẹ Ka Ohun Tó Wà Lára Owó Àtijọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Ìta-Ìjẹ̀bú, ṣé owó kékeré onihò wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà? Ẹ má fún ọmọdé fi ṣeré.

Owó Gẹ̀ẹ́sì ni, tó kọjá ààlà wọ ọjà wa. Ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Oníní ló kéré jù: 10 rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ wo ojú tí ìràwọ̀ onígun 6 wà. Ẹ ó rí ọdún rẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ ka orúkọ ọba: GEORGIVS ni George. Ẹ wo àwọ̀: ti àtẹ̀yìnwá funfun, láti 1952, ó pupa bí bàbà. Bí lẹ́tà H bá wà lára rẹ̀, ìlú Birmingham ni wọ́n ti rọ ọ́.

Ẹ má fi iyanrìn fọ̀ ọ́, kí lẹ́tà rẹ̀ má baà pa rẹ́. Ẹ kọ ọdún, orúkọ ọba àti àwọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè ọjà tí wọ́n ti ná an, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn. Bí àgbà bá lọ, owó kò lè ròyìn ara rẹ̀. Ìwé yín ni yóò ròyìn.