Ọkọ̀, Àwọ̀n àti Gbèsè: Ìtàn Ohun-Èlò Apẹja ní Etí Omi Ìjẹ̀bú

Ẹni tí ó bá ń ná ọjà ní Àgọ́-Ìwòyè mọ ẹja gẹ́gẹ́ bí ohun tí iná ti kọjá lára rẹ̀: àrọ̀ gbígbẹ tí a ká róbótó, tí a fi ìrù rẹ̀ há a lẹ́nu, tí alájàpá sì tò sínú agbọ̀n. Ẹni tí ó mú ẹja náà, irú ọkọ̀ tí ó wọ̀, àti àwọ̀n tí ó fi kó o, gbogbo èyí jìnnà sí ẹni tí ń dúnàá-dúrà. Ìlú inú igbó ni Àgọ́-Ìwòyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń dìbò yan aṣojú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá, ẹkùn kan náà ni Ìjẹ̀bú Àríwá, tí Àgọ́-Ìwòyè wà nínú rẹ̀, Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn, àti Ogun Waterside tí ó lọ kan òkun. Ẹni tí ó bá rò pé òṣèlú ni ó kọ́kọ́ so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò ì tíì ro ọ̀rọ̀ náà dójú àmì. Kí òṣèlú tó dé ni igbó ti ń fún omi ní ọkọ̀, tí omi náà sì ń fún igbó ní ẹja.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a fi yẹ ìtàn náà wò: kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè mú ẹja àkọ́kọ́ rẹ̀? Ìbéèrè náà dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà láàárín ìgbà ayé àwọn bàbá wa àti tiwa. Bí ìdáhùn náà sì ti ń yí padà ni ìgbésí ayé àwọn ará etí omi ń yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo omi náà fúnra rẹ̀, nítorí omi ni ó ń pàṣẹ irinṣẹ́. Ọ̀sà Lẹ́kí, tí àwọn ará Ìwòpin àti àwọn ìlú mìíràn ní Ogun Waterside ń pa ẹja nínú rẹ̀, gbà tó kìlómítà 247 ní ìbú àti òòró. Síbẹ̀ kò jìn. Apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò jìn ju mítà 3 lọ, ibi tí ó sì jìn jù kò ju mítà 6 àti ààbọ̀ lọ. Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn odò tí ń da omi sínú rẹ̀, nítorí náà omi tí kò níyọ̀ ni. Ó yàtọ̀ sí ọ̀sà Èkó tí òkun ń bá wọlé, tí omi iyọ̀ àti omi odò ń dàpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú omi tí kò jìn báyìí, ọ̀pá gígùn tó láti fi ti ọkọ̀ síwájú, àjẹ̀ sì wà fún ibi tí ọ̀pá kò bá kanlẹ̀. Àwọn ẹja tí ó sì wọ́pọ̀ níbẹ̀, obòkún, àrọ̀ àti ẹ̀pìyà, ni wọ́n kọ́ àwọn àgbà bí igèrè, ìwọ̀ àti àwọ̀n ṣe yẹ kí ó rí. Ohun-èlò tí ó dára lójú òkun lè di ẹrù lásán lójú ọ̀sà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: kí ó bi omi léèrè kí ó tó bi oníṣòwò.

Ọkọ̀ ni ó gbówó lórí jù láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 1987, darandaran kan tí ń gbẹ́ kànga nítòsí abúlé Dùfúnà, ní ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Yòbè lónìí, kan igi gbígbẹ́ kan nínú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ọkọ̀ ni. Ó gùn ní mítà 8 àti díẹ̀, ó sì ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ. Òun ni ọkọ̀ ojú omi tí ó pẹ́ jù lọ tí a tíì rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ó bá rí àwòrán rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀nà kan náà ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà etí omi wa ń gbà gbẹ́ ọkọ̀ títí di àná: wọ́n á gé igi ńlá bí ìrókò tàbí ọ̀gànwó lulẹ̀, wọ́n á fi àáké àti iná yọ inú rẹ̀, wọ́n á sì dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi fúyẹ́ tó láti léfòó, láì fúyẹ́ jù débi tí yóò fi là. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í hù nínú irà etí ọ̀sà. Igbó òkè, bí irú èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925 tí a ń pè ní Igbó Ọmọ̀, ni ilé irú àwọn igi bẹ́ẹ̀. Bí igi ńlá ti ń wọ́n sí i lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, ọkọ̀ onípákó, tí a fi ìṣó kàn tí a sì dí ojú rẹ̀, gba ipò ọkọ̀ gbígbẹ́. Ó rọrùn láti kàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún.

Nítorí pé ọkọ̀ wọ́n, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ kì í rà á. Wọn a máa fi í sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí arákùnrin ìyá rẹ̀. Ohun-èlò àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi lé e lọ́wọ́ kì í ṣe àwọ̀n. Igbá ni, igbá tí a fi ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ń gbọ́nmi jókòó sẹ́yìn, ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń ka afẹ́fẹ́, bí ó ṣe ń yà fún kùkùté tí ó rì sínú omi, àti ibi tí ó ń dúró sí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pá àti àjẹ̀ yóò kàn án. Bí ó bá ti lè wa ọkọ̀ láì da omi sínú rẹ̀ ni ó tó di ẹni tí a ń kọ́ ní ẹja pípa. Òwe wa ni pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ẹni tí kò tíì kọ́ ìfarabalẹ̀, bí ó bá ra àwọ̀n mẹ́wàá, ẹrù tí yóò rì í ni ó rà.

Àwọn irinṣẹ́ náà ní ètò tiwọn. Igèrè ni ó rọrùn jù fún ọmọdé. Ọwọ́ ni a fi ń hun ún láti ara ọpá tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìko. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ọ̀nà ìwọlé rẹ̀ sì ń tín-ín-rín lọ sínú débi pé ẹja tí ó bá wọlé kò ní mọ ọ̀nà àbáyọ. Ẹnu ọ̀nà omi tóóró ni a ń dẹ ẹ́ sí nígbà òjò, nígbà tí odò bá kún bo bèbè, tí àrọ̀ sì ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Ìwọ̀ ni ó tẹ̀lé e: okùn gígùn kan tí a so ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwọ̀ mọ́, tí a fi ìjẹ sí, tí a sì fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Àwọ̀n tí a ń jù ń fẹ́ apá àti ìdúróṣinṣin, nítorí ẹni tí ó dúró lórí ọkọ̀ tóóró ni yóò tan án kí ó tó balẹ̀, òjé etí rẹ̀ yóò sì fà á wọ ìsàlẹ̀. Àwọ̀n tí a ń dè sínú omi bí ògiri ni ó kẹ́yìn, nítorí òun ni ó ń ná ni ní owó jù, òun náà sì ni olè, ìjì àti ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn lè tètè gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ní ayé àtijọ́, inú ilé ni ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ti ń jáde. Òwú tí a ran àti okùn tí a yọ lára igi ni a fi ń hun àwọ̀n. Irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ wúwo, ó sì ń jẹrà. Dandan ni kí a sá a sóòrùn, kí a sì máa tún un ṣe. Lójú wa lónìí, wàhálà ni èyí. Ṣùgbọ́n wàhálà náà ní èrè tirẹ̀: ọwọ́ apẹja ni irinṣẹ́ rẹ̀ ti wá, ohun tí ó bá sì bàjẹ́, ó lè tún un ṣe láì tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1935 ni Wallace Carothers ṣe ọ̀rá tí a ń pè ní nylon ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọ̀n ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í dé etí omi wa. Kò jẹrà, ó fúyẹ́, ẹja kì í sì í tètè rí i nínú omi. Ìjọba amúnisìn pàápàá ti dá ẹ̀ka tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1941. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ogun náà ni ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń tàn kálẹ̀. Ọ̀nà tí ó ń gba odindi òwúrọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ wá di ọ̀nà wákàtí kan. Ẹja dé ọjà kí ó tó rà. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn ní erékùṣù lè dé ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé àwọn ohun wọ̀nyí kò ṣe wá lóore kò sọ òtítọ́.

Síbẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè wa ti yí padà. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń fi ọwọ́ hun tẹ́lẹ̀ ni ó ń fi owó rà báyìí, owó náà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ nílò ọkọ̀, àwọ̀n, ẹ́ńjìnnì àti epo bẹntiróòlù kí ó tó rí ìrù ẹja kan. Èsúsú àti àjọ lè gbé e dé ìdajì ọ̀nà. Fún ìyókù, oníṣòwò ẹja ni yóò yá a lówó, pẹ̀lú àdéhùn pé òun nìkan ni yóò máa ta ẹja fún, ní iye tí olówó bá dá. Àwọn Yorùbá mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é lórí ilẹ̀ oko. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ̀fà mọ ọjọ́ tí ó ń sin olówó àti ọjọ́ tí ó ń ṣe tirẹ̀. Apẹja tí ó jẹ gbèsè àwọ̀n kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí ìjì bá sì gbé àwọ̀n náà lọ, gbèsè kò bá a lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n rí ewu yìí tí wọ́n sì wá ojútùú sí i. Ní ọdún 1947, àwọn Ìlàjẹ kan tí wọ́n jáde láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú Ayétòrò dó sí etí òkun, ní ìlà-oòrùn Ogun Waterside. Wọ́n pa gbogbo owó wọn pọ̀. Àpò kan ni owó ẹja ń wọ̀, láti inú àpò kan náà ni a sì ti ń bọ́ ènìyàn, tí a ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí a sì ń ra irinṣẹ́. Wọ́n ń kan ọkọ̀ fúnra wọn, iná mànàmáná sì tàn ní ìlú wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan fìtílà. Ní Ayétòrò ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bẹ̀rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìlú ni ó dì í ní ìhámọ́ra. Ní ọdún 1968, wọ́n yí ètò náà padà, oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Lónìí òkun ti jẹ apá ńlá nínú ìlú náà. A lè máa jiyàn lórí ìdí tí àjọni náà kò fi pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé gbèsè kì í ṣe àyànmọ́ apẹja.

Kí ni ìtàn yìí wá sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí? Ó ní kí ó tẹ̀lé ètò àwọn àgbà: kí ó gbọ́nmi nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó ní tirẹ̀, kí ó fi igèrè àti ìwọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́ bí a ti ń tún àwọ̀n ṣe kí ó tó ra òmíràn, kí ó sì fi ẹ́ńjìnnì ṣe ìgbẹ̀yìn. Ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó nìkan ni kí ó kọ́kọ́ rà, nítorí àwọn àgbà kò ní in, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni omi sì gbé lọ. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó gba ọ̀nà omi Bàdágírì wọlé ní ọdún 1984 lè dí ọ̀nà, kí ó sì lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó wo ojú àwọ̀n rẹ̀. Gbèsè ni ó ń mú kí ènìyàn ra àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí ń kó ọmọ ẹja mọ́ ìyá rẹ̀, nítorí olówó kò ní dúró kí ẹja dàgbà. Ẹni tí ó bá sì kó ọmọ ẹja lọ́dún yìí ti jẹ omi ní gbèsè tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò san.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Owó lè ra ọkọ̀ tuntun àti àwọ̀n tuntun ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àkísà, ìyẹn ìmọ̀ tí ó ti gbó mọ́ni lára, kò sí lórí àtẹ. Nígbà tí a bá tún dúró níwájú àrọ̀ gbígbẹ ní ọjà Àgọ́-Ìwòyè, tí a ń bẹ alájàpá pé kí ó dín in kù, ó yẹ kí a rántí pé owó tí a ń dín yẹn ń wọ́ lọ láti orí àtẹ dé ọ̀sà, títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì san owó àwọ̀n rẹ̀ tán. Bí a bá bi í pé, "Ẹja ni tàbí akàn?", ìdáhùn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ omi nìkan.