Àlejò Orí Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ Wo La Ó Fi Kìlọ̀ fún Onílé?

Àbúrò bàbá mi kan, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, pè mí wá sílé wọn n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n yọ sídì kan jáde látinú àpótí. Orí rẹ̀ ni sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tẹ Yorùbá ní bí ogún ọdún sẹ́yìn wà, pẹ̀lú fọ́ǹtì tirẹ̀. Gbogbo àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ wà nínú fáìlì tó jẹ́ pé sọ́fítíwíà yẹn nìkan ló lè ṣí i kó gún régé. Bí a bá fi ti òde òní ṣí i, àmì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ń yọ níbi tó yẹ kí ẹ àti ọ wà. Kí Unicode, ìlànà àjùmọ̀lò fún lẹ́tà èdè gbogbo ayé, tó gbilẹ̀, àyè 256 péré ni fọ́ǹtì máa ń ní, oníkálùkù ló sì ń wá ibi tí yóò rọ́ lẹ́tà Yorùbá sí láàárín wọn. Ibi tí ẹnì kan fi ẹ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni ẹlòmíràn fi ọ̀ sí. Títí dòní pàápàá, Unicode ní àyè fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ àyè kan fún ẹ́. Ńṣe là ń to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí.

A so ẹ̀rọ tó ń ka sídì mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun tí ọmọ wọn rà fún wọn. Kò pẹ́ tí ìbéèrè kan fi bo ojú ẹ̀rọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá yíjú sí mi: "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ṣé ẹ fẹ́ ínstọ́ọ̀lù ẹ̀ ni."

Irọ́ ni mo pa. Kọ̀ǹpútà kò béèrè bóyá wọ́n fẹ́. Ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́, àwọn ni wọ́n fi sídì sí i. Ohun tó ń béèrè ni pé, òun kò mọ ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà yìí, ṣé kí òun gbà á láàyè kó máa yí nǹkan padà lórí ẹ̀rọ? Ìkìlọ̀ ni, èmi sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Àìmọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló kó bá mi. Mi ò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè gbé ìkìlọ̀ náà dé etí àgbàlagbà kí ó tó tẹ bọ́tìnnì ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá a.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí irú sọ́fítíwíà tí ẹni tó ṣe Windows kò ṣe, tí àwa tí a ni kọ̀ǹpútà náà kò ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ka oníṣẹ́ àkọ́kọ́ sí ẹnì kìíní, ó ka ẹni tó ń lò ó sí ẹnì kejì, ó wá pe ìyókù ní ẹni kẹta. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá: sọ́fítíwíà ẹni kẹta. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì gírámà yóò rántí "ó" àti "wọ́n". Ẹni tí kò jókòó níbẹ̀ yóò béèrè ta ni ẹnì kìíní. Àlejò lèmi fara mọ́. A mọ onílé, a mọ ẹni tó kọ́lé, ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yìí sì yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Àlejò kì í ṣe ọ̀tá. Síbẹ̀, kò sí ilé Yorùbá tí a kì í ti í bi àlejò léèrè ibi tó ti wá àti ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí èyí tí à ń gbé kọ́kọ́rọ́ ìyẹ̀wù fún un lọ́jọ́ tó dé.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ni sọ́fítíwíà àtijọ́ máa ń tọrọ. Ní ayé Windows XP, tó jáde ní 2001, agbára kíkún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo kọ̀ǹpútà ilé wọn, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ṣí ń jogún agbára náà. Windows Vista, tó délé àwọn ènìyàn ní 2007, ló mú ìbéèrè yìí dé. Sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ ṣáájú rẹ̀ ti mọ́ra láti máa wọ ìyẹ̀wù láìkan ilẹ̀kùn. Bí a bá dá a dúró, ó lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Nítorí náà, dípò "ṣí i gẹ́gẹ́ bí alábòójútó", tó dún bí ìwé ìjọba, mo dábàá "fún un ní kọ́kọ́rọ́ onílé". Ẹni tó gbọ́ ọ yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ínstọ́ọ̀lù ńkọ́? "Fi sórí kọ̀ǹpútà" ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì dára, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ bí a bá da orin tàbí fọ́tò sí i. Fọ́tò kì í bá kọ̀ǹpútà jí láàárọ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. "Gbà sílé" sún mọ́ òótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ló gbà mí lákòókò jù. Àwọn olùṣe sọ́fítíwíà ń fi àmì kan sára iṣẹ́ wọn tí kọ̀ǹpútà lè yẹ̀ wò. Bí a bá pè é ní ìbuwọ́lù, ọkàn ènìyàn á lọ sórí bẹ́bà, níbi tí a ti lè yí ọ̀rọ̀ òkè padà kí ìbuwọ́lù ìsàlẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀: bí lẹ́tà kan bá yí padà nínú fáìlì, àmì náà kò ní jẹ́rìí sí i mọ́. Òǹtẹ̀ orí àpòòwé tí a lẹ̀ pa ló jọ, tó ń fọ́ bí ẹnikẹ́ni bá tú u. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà àtijọ́ ni kò sì ní òǹtẹ̀ rárá, nítorí kò tíì di àṣà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ wa gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀: "kò mú òǹtẹ̀ wá" kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di olè, kò sì dá ẹnikẹ́ni láre.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà tí a ń ṣírò láti inú fáìlì, tí ti ìlànà tó ń jẹ́ SHA-256 ń gùn tó àmì 64. Ìtẹ̀ka ni mo pè é, bí èyí tí a ń tẹ̀ ní báǹkì. Onísọ́fítíwíà kéde ìtẹ̀ka, ìwọ náà ṣírò ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, o wá fi méjèèjì wéra láti mọ̀ bóyá fáìlì náà kò yí padà. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí díẹ̀, torí a gbà pé ìka ènìyàn méjì kì í bára dọ́gba. Ìlànà àtijọ́ tó ń jẹ́ MD5, tó wà lára ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ayé ọjọ́un, kò yẹ fún irú ìgbàgbọ́ yẹn mọ́ láti 2004, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi fáìlì méjì tó yàtọ̀ hàn tí ìtẹ̀ka wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Mo ṣì di ìtẹ̀ka mú, ṣùgbọ́n mo máa ń pe ti MD5 ní "ìtẹ̀ka tó ti ṣá". Àti pé bí ibi tí o ti gba fáìlì náà lo tún ti gba ìtẹ̀ka, ẹlẹ́rìí kan náà lo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ẹnu wa tẹ́lẹ̀ tí a kò ní láti dá. Àbùlẹ̀ ni èyí tí olùṣe fi ń dí ihò sọ́fítíwíà, bí ti aṣọ. Windows XP kò rí àbùlẹ̀ déédéé mọ́ láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́, òwe yẹn sì ti fún wa ní "ẹnu ògiri" fún àléébù tí àwọn aṣebi ń gbà wọlé. Kòkòrò ni fáírọ́ọ̀sì, nítorí inú obì náà ni kòkòrò tó ń jẹ obì ń gbé.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pípe àfikún tí àwọn kan ń rọ́ mọ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ní "ẹ̀nì". Ìyá aláta ń bu ẹ̀nì lójú rẹ ni, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀làwọ́. Èyí ń gba abẹ́ bọ́tìnnì kọjá nígbà tí o ń kánjú. Ayọ́wọlé ni.

N kò sọ pé ká má yá ọ̀rọ̀. Ìwé èdè ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti ran olùkọ́ lọ́wọ́ púpọ̀, fóníìmù àti mọ́fíìmù sì ti di tiwa. Asọ̀rọ̀mágbèsì dùn torí ó sọ ohun tí rédíò ń ṣe. Ayárabíàṣá kàn yin kọ̀ǹpútà fún eré sísá ni, bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi padà sórí kọ̀ǹpútà. Ibi tí ewu bá wà nìkan ni mo ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tilé.

Àpẹẹrẹ ni ipò tí Windows ti ń ṣe bí ẹni pé òun ni ti àtijọ́. Bí a bá pè é ní ìbámu, ó dún bí ẹni pé gbogbo nǹkan ti dára. Ìfarawé ni mo pè é: sọ́fítíwíà béèrè pé "ta nìwọ?", kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé "XP ni mí". Ìfarawé kì í ṣe ààbò. Kò sì wúlò fún sọ́fítíwíà bíìtì 16, nítorí Windows bíìtì 64 kò gbọ́ èdè yẹn mọ́ rárá.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá lọ́sẹ̀ kejì. Ìbéèrè náà tún yọ, mo sì túmọ̀ rẹ̀ lọ́tun: "Àlejò kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò mú òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni wá. Kọ́kọ́rọ́ onílé ló ń tọrọ. Ṣé ká fún un?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kò lè jókòó síta ni, ká gbé omi fún un níbẹ̀?"

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti fi ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní àpótí yanrìn, ibi tí a ti lè ṣí sọ́fítíwíà láìjẹ́ kó fọwọ́ kan ìyókù kọ̀ǹpútà. Àgọ́ ni mo ti kọ sílẹ̀, torí bí a bá tú àgọ́ palẹ̀, nǹkan kan kì í ṣẹ́kù. Windows ní irú rẹ̀ láti 2019, ṣùgbọ́n kò sí lórí ẹ̀yà Home tó wà nílé Bàbá. Nítorí náà, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ VirtualBox la fi kọ́ ilé kékeré sínú ilé, a fi sídì XP tiwọn tó wà nínú àpótí kan náà sí i, a kò sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ la ti gba àlejò náà. Fáìlì àkọ́kọ́ ṣí, ó jẹ́ ẹ̀kọ́ lórí ìró ohùn fún ọmọ ọdún kìíní, gbogbo ẹ́ àti ọ̀ sì wà ní ipò wọn. Bàbá fa àga súnmọ́ ojú ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.