Wáyà àti fíúùsì ẹ̀rọ orin ọkọ̀

Wáyà ẹ̀rọ orin ọkọ̀ ló ń gbé iná láti ìdí bátìrì lọ bá ańpílífáyà, tó sábà máa ń wà ní búùtù. Fíúùsì ló ń já iná náà nígbà tó bá ti ju ohun tí wáyà lè gbé. Ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, àwọn rìwáyà ẹ̀gbẹ́ títì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún danfó, kórópe àti ọkọ̀ ilé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé nítorí ańpílífáyà ni wọ́n ṣe ń fi fíúùsì sí i, bẹ́ẹ̀ wáyà gan-an ló ń dáàbò bò. Fọ́ọ̀tì 12 bátìrì ọkọ̀ kò lágbára láti gbé èèyàn, àmọ́ bí wáyà rẹ̀ bá bíríjì, iná tó máa tú jáde lè ju áńpù 500 lọ. Ẹ wo ihò tí wáyà ń gbà kọjá láti ìdí ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀: bí wọn ò bá fi rọ́bà sí etí rẹ̀, gbígbọ̀n ojú ọ̀nà á jẹ́ kí páánù máa họ ara wáyà títí bàbà á fi fara kan irin. Iná yẹn kò ní dé ọ̀dọ̀ ańpílífáyà rárá. Ara ọkọ̀ ló máa gbà padà sí bátìrì, wáyà á sì pọ́n bí ẹyín iná lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn àwọn tó ń sọ pé fíúùsì ti wà lára ańpílífáyà láti ilé iṣẹ́ kò fi dúró: òpin ọ̀nà ni tiyẹn wà, kò sì lè ṣọ́ wáyà tó ṣáájú rẹ̀. Ìdí bátìrì ló yẹ kí fíúùsì àkọ́kọ́ wà. Bó ṣe yẹ kó sún mọ́ ọn tó ni ẹnu ò tíì kò lé lórí. Íńṣì 18 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ orin ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé. Íńṣì 7 ni ẹgbẹ́ ABYC tó ń ṣe ìlànà ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ sọ, bí wáyà náà kò bá sí nínú ọ̀pá tó bò ó. Ó jọ pé èyí tó bá kéré jù ló dára jù.

Bí wáyà bá ṣe nípọn tó ló yẹ kó sọ iye fíúùsì. Ańpílífáyà tó ń fa wáàtì 600 lórí fọ́ọ̀tì 12 ń gba áńpù 50, wáyà sì gbọ́dọ̀ lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí ni wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ti ń tan oníbàárà, torí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ojúlówó bàbà tó nípọn bákan náà ń gbé ló lè gbé. Ẹ fi ọ̀bẹ họ fọ́nrán kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù ni. Awakọ̀ tí èrò ń kún ọkọ̀ rẹ̀ lè sọ pé fíúùsì tó ń jó lemọ́lemọ́ ń fi àkókò òun ṣòfò, kí wọ́n bá òun fi fọ́nrán bàbà so ó. Àmọ́ fíúùsì tó ń jó ti ń sọ pé nǹkan kan bàjẹ́ níwájú; ẹni tó bá fi fọ́nrán dípò rẹ̀ ti sọ gbogbo wáyà náà di fíúùsì. Èyí tó yẹ kò ṣòro láti dá mọ̀ fún fíúùsì kékeré ọkọ̀: pupa ni áńpù 10, búlúù 15, yẹ́lò 20, àwọ̀ ewé 30. Kí rìwáyà tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, kó kọ́kọ́ yọ orí négétíìfù bátìrì.